Iṣẹ́ 774,000 ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó: Ó Dáṣẹ́ Sílẹ̀ Ni, Àbí Ó Fowó Ṣòfò?

Bí ọ̀rọ̀ owó tí ìjọba ń ná bá ti délẹ̀ ní Àkúrẹ́, kíá ni àwùjọ ti pín sí méjì. Àwọn kan á ní kí ìjọba nawọ́ dáadáa, nítorí owó tó bá bọ́ sọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, Ọjà Ọba ló ń bá a lọ, ẹlẹ́ran á rí tiẹ̀, aláàárù náà á rí tiẹ̀. Àwọn yòókù á ní òfò pọ́ńbélé ni, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n kàn ń kọ sílẹ̀. Ilẹ̀ á ṣú, ẹnu ò ní kò. Ohun tí kì í jẹ́ kí ẹnu kò ni pé gbogbo ètò ìjọba ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ra wọn sọ. Ẹyọ kan la mú níhìn-ín, a sì ṣírò rẹ̀ láti Àbújá dé etí gọ́tà: ètò Special Public Works, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí iṣẹ́ 774,000.

Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀

Oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ti ti ọjà pa, ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn yóò ríṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, ibi tí iye náà ti wá nìyẹn. ₦20,000 ni owó oṣù, oṣù mẹ́ta péré ni iṣẹ́, bílíọ̀nù ₦52 ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀. Ọwọ́ NDE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìpèsè iṣẹ́, ni iṣẹ́ náà wà; Festus Keyamo, mínísítà kejì nílé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà náà, ló ń bójú tó o. Iṣẹ́ tí wọ́n kà sílẹ̀ kì í ṣe àràmàǹdà: kíkó ẹrẹ̀ gọ́tà, títún ọ̀nà oko ṣe, gbígbá títì, dídarí ọkọ̀, ríro àyíká ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Kó tó kárí ni wọ́n ti dán an wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ, Èkìtì tó múlé tì wá sì wà lára wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fojú sùn, àsìkò tí oko kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ọwọ́ púpọ̀.

Oǹdó ní ìjọba ìbílẹ̀ 18. Ìpín tiwa jẹ́ 18,000 ènìyàn, àti bílíọ̀nù ₦1.08 owó iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta.

Ibi tó yẹ ká ti kọ́kọ́ dúró ni iye iṣẹ́ gan-an. Ẹni tó ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ló rí, kò rí iṣẹ́ ọdún kan. Bí a bá kó oṣù gbogbo wọn jọ, tí a fi 12 pín in, 774,000 yóò di iṣẹ́ ọlọ́dún kan 193,500. 18,000 ti Oǹdó yóò di 4,500. NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè, ka àwọn aláìríṣẹ́ sí mílíọ̀nù 23.19 ní ìparí 2020, nítorí náà kódà ká gba 774,000 bẹ́ẹ̀ láìpín in, ẹni mẹ́ta àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ló kàn. Ohun tí kò sẹ́ni tó lè bá ètò náà wí lé lórí ni pé kò wọ́n: pín bílíọ̀nù ₦52 sí iṣẹ́ ọlọ́dún kan 193,500, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ nǹkan bí ₦268,700. Owó oṣù tó kéré jù lófin nígbà náà, ₦30,000, jẹ́ ₦360,000 lọ́dún.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ dá pé iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹfà ni mínísítà àti àwọn aṣòfin ti forí gbárí nílé ìgbìmọ̀ lórí ẹni tí yóò yan àwọn òṣìṣẹ́; ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 20 ni mínísítà ti gbé kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn aṣòfin ní NDE nìkan ló ni iṣẹ́ náà. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní 2021 ni ètò náà tó gbéra.

Láàárín àkókò yẹn, ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè ti rẹlẹ̀, ó sì ti gbérí. Ó fi ìdá 6.10 nínú 100 wálẹ̀ láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà 2020, ó fi 3.62 wálẹ̀ ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀lé e, ó wá gòkè díẹ̀, 0.11 péré, ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún. Àwọn alátakò di èyí mú: wọ́n ní oògùn dé nígbà tí ibà ti lọ. Lórí ìwé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìríṣẹ́ṣe, tó wà ní 27.1 nínú 100 ní àárín ọdún, ti dé 33.3 nígbà tí ọdún fi parí. Ọjà lè máa gbérí kí ọwọ́ ṣì dilẹ̀. Nítorí náà a kò gbà pé pípẹ́ nìkan ló ba ètò yìí jẹ́. Ohun tí pípẹ́ náà bàjẹ́ ni àsìkò iṣẹ́, ó tì í sún mọ́ òjò: oṣù mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ń parí sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ní Àkúrẹ́ sì rèé, oṣù kẹta ni òjò àkọ́rọ̀ ti ń fọwọ́ kanlẹ̀kùn.

Létí gọ́tà

Ìṣirò tó tẹ̀lé yìí jẹ́ àpẹẹrẹ tiwa, kì í ṣe àkọsílẹ̀ NDE. Ẹ jẹ́ ká mú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́. Ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn, ká ní ọjọ́ 20 lóṣù: ọjọ́ iṣẹ́ 60,000 nìyẹn, ₦1,000 fún ọjọ́ kan. Ká yọ 100 péré nínú wọn sí gọ́tà.

Gọ́tà etí títì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó jìn ní 60, tí ẹrẹ̀ ti kún dé ìdajì, mítà kan rẹ̀ ní kúbíìkì mítà 0.18 ẹrẹ̀ nínú. Lébìrà tó ní ṣọ́bìrì tó dáa lọ́wọ́, tí fóòmàn sì dúró tì, lè kó kúbíìkì mítà 2 lójúmọ́ nínú ẹrẹ̀ tútù tó lọ́ mọ́ ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti igò. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ tí kò ní ìdọ̀tí ni, á gbẹ́ tó 3, á tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgọ́rùn-ún lébìrà yóò kó 200 lójúmọ́, gọ́tà tó lé ní mítà 1,100. Lọ́jọ́ 20, kìlómítà 22. Ẹni tó bá mọ ìlú yìí mọ̀ pé gọ́tà ńlá nìyẹn.

Níbo wá ni ẹrẹ̀ náà ń lọ? Ẹrẹ̀ tí wọ́n bá hú máa ń wú, bí ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí náà 200 á di 250. Bárò kan ń gba nǹkan bíi 0.06, bárò tó lé ní 4,000 nìyẹn lójúmọ́. Típà oníkúbíìkì mítà 5 yóò kó o ní ẹrù 50. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì Ọba Adésidà àti Arákalẹ̀, típà tó bá lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ti gbìyànjú. Ìyẹn ni pé ọgọ́rùn-ún lébìrà yìí nílò típà 10 lójoojúmọ́, àti ibi tí wọ́n á máa dà á sí tí kò jìnnà.

Bí típà kò bá sí, etí gọ́tà náà ni wọ́n á kó o sí. Gbogbo ará Àkúrẹ́ ló mọ ìyókù: á gbẹ, ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ di lẹ́búlẹ́bú, òjò àkọ́rọ̀ á dé, á wọ́ gbogbo rẹ̀ padà sínú gọ́tà, omi odò Àlá á sì tún gba ojú ọ̀nà tó ti mọ́ ọn lára. Lébìrà ti ṣiṣẹ́, ó sì làágùn. Owó rẹ̀ tọ́ sí i. Iṣẹ́ náà ló nù. Ní 1936, Keynes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà pé bí ìjọba bá tilẹ̀ ri owó mọ́lẹ̀ kí àwọn aládàáni máa hú u, ó sàn ju kí ọwọ́ dilẹ̀ lọ. Ó sì fi kún un pé ilé kíkọ́ ló bọ́gbọ́n mu jù. Apá kejì yìí ni àwọn tó fẹ́ràn apá kìíní kì í rántí.

Kí ló dé tí típà ò lè sí? Ẹ wo owó náà. 774,000 ènìyàn ní ₦60,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ bílíọ̀nù ₦46.44. Nínú bílíọ̀nù ₦52, ohun tó kù jẹ́ bílíọ̀nù ₦5.56. Pín in sí 774, ìjọba ìbílẹ̀ kan á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ₦7.18 fún ohun gbogbo: ṣọ́bìrì, àdá, bárò, ìbọ̀wọ́, bàtà òjò, ìforúkọsílẹ̀, alábòójútó, epo ọkọ̀. Lórí òṣìṣẹ́ kan, kò ju ₦7,200 lọ fún oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká ní wọn ò tilẹ̀ ra ṣọ́bìrì kan, tí wọ́n kó gbogbo mílíọ̀nù ₦7.18 lé típà lórí, típà 10 fún ọjọ́ 20 jẹ́ 200 ọjọ́ típà. ₦35,900 lọ́jọ́ fún epo, awakọ̀ àti àwọn tó ń kó ẹrù sí i. Owó á sì tán lóṣù kìíní, lórí ọgọ́rùn-ún ènìyàn nínú ẹgbẹ̀rún.

Níbí ni a rò pé àríyànjiyàn náà ti ń ṣìnà. Ìdá 89 nínú 100 owó náà ló jẹ́ owó òṣìṣẹ́, àwọn tó fẹ́ràn ètò náà sì ń fi èyí yangàn pé owó dé ọ̀dọ̀ tálákà tààrà. Òfin tí Íńdíà ṣe ní 2005, tó fún ìdílé abúlé kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ́dún, fi òṣùwọ̀n mìíràn wọ̀n ọ́n: ó kéré tán 60 nínú 100 fún owó òṣìṣẹ́, ohun èlò kò sì gbọdọ̀ kọjá 40. Bí a bá fi 60 sí 40 gé bílíọ̀nù ₦52, owó òṣìṣẹ́ á jẹ́ bílíọ̀nù ₦31.2, ó tó fún 520,000 ènìyàn, nǹkan bí 672 ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ohun èlò á wá ní mílíọ̀nù ₦26.9 ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ta ni yóò wá sórí rédíò wá kéde 672? Ẹgbẹ̀rún dùn létí, ẹgbẹ̀rún ni wọ́n mú.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń fẹ́ típà, ibẹ̀ ni owó Oǹdó ì bá ti so èso jù. Ọ̀nà oko tí kò ní ọ̀dà, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé kòkó jáde ní Ìdànrè tàbí Ilé-Olújì, erùpẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ nínú gọ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní ibì kankan í lọ ju àárín ọ̀nà náà lọ. Wọ́n á dà á sáàárín, wọ́n á tẹ́ ẹ kó yọ ẹ̀yìn bí ẹ̀yìn ìjàpá: bí ọ̀nà bá fẹ̀ ní mítà 5, kí àárín fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga ju etí lọ, kí omi má baà dúró. Wọ́n á wá gbẹ́ ẹnu ọ̀nà kéékèèké láti inú gọ́tà sínú igbó, kí omi má baà kó agbára jọ lórí òkè. Ṣọ́bìrì, jígà, okùn, pákó ìwọ̀n àti igi tí wọ́n fi ń ki ilẹ̀ ló kù. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni àìkì í: bí wọn ò bá bu omi sí erùpẹ̀ náà kí wọ́n lù ú ní ìpele ìpele, tí ìpele kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ọ̀kadà méjì tó bá gbà á kọjá lẹ́yìn òjò ti là á. Omi sì ṣòro láti rí létí oko lóṣù kejì, nítorí náà ìparí òjò, oṣù kọkànlá, ni iṣẹ́ yìí dùn ún ṣe jù.

Fóòmàn ńkọ́? Ẹnì kan fún ènìyàn 25, kì í ṣe ẹnì kan fún 100. Kó wọn iṣẹ́ fún lébìrà láàárọ̀, kó má kàn wọn wákàtí: mítà 10 gọ́tà tó ti kún dé ìdajì, tó o bá parí, máa lọ sílé. Ìyá tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje lè ti parí kí aago kan tó lù, kó sì gba ọjà lọ. Wákàtí ni wọ́n sábà ń kà níṣẹ́ ìjọba, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lábẹ́ igi kan pẹ̀lú ìgbálẹ̀ mẹ́rin.

Lọ́wọ́ ẹni tó gbà á

Owó kò tètè jáde. Báńkì gbọ́dọ̀ fi BVN yẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan wò, àwọn mìíràn sì parí iṣẹ́ kí wọ́n tó rí kọ́bọ̀. Àyẹ̀wò náà kò burú, òun ni kì í jẹ́ kí ẹnì kan fi orúkọ márùn-ún gbowó. Ẹ̀yìn tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni kò yẹ kó wà. Ẹni tí kò rówó gbà lóṣù kìíní ń ra gáàrì láwìn, ó sì ń yá owó ọkọ̀. Bó bá wá gba owó rẹ̀, gbèsè ló ń san. Ọjà Ọba kò ní rí owó tuntun nínú rẹ̀, bí kò ṣe èyí tí ìyá onígáàrì ti fi sílẹ̀ láti oṣù kìíní. Tí ìyá yẹn kò bá wá lè ra ọjà mìíràn ní gbogbo àkókò yẹn, òun ló yá ìjọba lówó láìmọ̀.

₦20,000 kéré sí owó oṣù tí òfin dá. Àbùkù ni, àmọ́ ó ní àǹfààní kan: ẹni tó bá níṣẹ́ tó sàn kò ní fi í sílẹ̀ wá. Owó kékeré máa ń fúnra rẹ̀ yan tálákà, àyàfi bí wọ́n bá lè gbà á láìṣiṣẹ́. Ìgbà yẹn ni ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù á fi orúkọ sílẹ̀, iṣẹ́ kankan kò sì tíì dá sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yẹn. Ẹ̀bùn lásán ni. Rẹ́jísítà ojoojúmọ́, tí lébìrà ń tẹ̀ka sí láàárọ̀ àti nígbà tí fóòmàn bá wọn iṣẹ́ rẹ̀ tán, ló ń ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́.

Apá kan owó náà ń dúró sí ìpínlẹ̀: iṣu, ẹ̀gẹ́, epo pupa, owó ilé. Apá kan ń jáde lọ: ẹja tútù láti òkè òkun, àti epo bẹntiróòlù, tó jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá nígbà náà. Bí wọ́n bá gbé owó kan náà fún agbaṣẹ́ṣe láti da ọ̀dà sí títì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni yóò bá ẹ̀rọ, dísù àti ọ̀dà lọ, díẹ̀ ni lébìrà yóò rí. Ọ̀dà náà ń ti òkè òkun wá, tòun ti pé ilẹ̀ Agbabu níjọba ìbílẹ̀ Odígbó kún fún un, wọ́n sì ti ń gbẹ́ kànga wá a níbẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó. Òkúta wẹ́wẹ́ nìkan ni Àkúrẹ́ fi ń rí tiẹ̀ jẹ níbi iṣẹ́ ọ̀dà. Ṣùgbọ́n títì tí wọ́n bá ṣe dáadáa á ṣì wà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń ka iye iṣẹ́ lórí náírà kọ̀ọ̀kan nìkan, gbígbá títì ni yóò máa yàn títí láé.

Àwọn kan ní irú owó báyìí ló ń mú ọjà wọ́n. Ọ̀wọ́n gógó jẹ́ 16.47 nínú 100 lóṣù kìíní 2021, ó dé 18.17 lóṣù kẹta. Ṣùgbọ́n ìṣúná 2020 tí wọ́n tún ṣe jẹ́ tírílíọ̀nù ₦10.81, bílíọ̀nù ₦52 kò tó ìdá kan nínú igba rẹ̀. Kì í ṣe òun. Owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ báńkì àpapọ̀ CBN láti fi dí àlàfo ìṣúná ni kí wọ́n bi, èyí tó ti di tírílíọ̀nù ₦22.7 nígbà tí wọ́n fi gbé e lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní ìparí 2022. Ó yà wá lẹ́nu bí ariwo ṣe ń pọ̀ lórí ₦20,000 lébìrà ju lórí ìyẹn lọ.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àkọsílẹ̀ ti pọ̀, àríyànjiyàn náà kò tán. Obama buwọ́ lu òfin bílíọ̀nù dọ́là 787 lóṣù kejì 2009. Lóṣù kẹwàá ọdún kan náà, àìríṣẹ́ṣe dé ìdá 10 nínú 100. Àwọn alátakò ní ẹ wò ó, owó ti ṣòfò. Àwọn alátìlẹ́yìn ní ì bá burú jù bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì ìṣúná ilé ìgbìmọ̀ wọn, tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ṣírò rẹ̀, ó ní láàárín oṣù keje sí ìkẹsàn-án 2010, iye ènìyàn tó níṣẹ́ nítorí òfin náà wà láàárín mílíọ̀nù 1.4 sí mílíọ̀nù 3.6. Ẹ wo bí àlàfo náà ti fẹ̀ tó. Kò sẹ́ni tó lè rí ọdún 2010 kejì tí wọn ò ná owó náà nínú rẹ̀.

Ní tiwa, ìdájọ́ wa lórí ètò yìí pín. Gẹ́gẹ́ bí owó ìrànwọ́ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, kò ṣòfò, ì bá sì wúlò jù bẹ́ẹ̀ ká ní ó dé lóṣù tó yẹ. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, ìṣirò rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ láìní ọwọ́ kejì láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí i. Gẹ́gẹ́ bí “iṣẹ́ 774,000”, orúkọ náà tóbi ju nǹkan tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Bí ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ bá tún fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kí orúkọ ti pé kí oṣù kẹsàn-án tó parí, kí àyẹ̀wò BVN ti parí lóṣù kẹwàá. Oṣù kọkànlá fún ọ̀nà oko, nígbà tí ilẹ̀ ṣì ní omi díẹ̀. Gọ́tà ìgboro láti oṣù kejìlá dé ìparí oṣù kejì, kí àdéhùn típà sì ti wà nílẹ̀ kí ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ tó wọlé. Bí típà bá jẹ́ mẹ́ta péré, kí lébìrà gọ́tà má ju 30 lọ, kí àwọn yòókù máa lọ sí ọ̀nà oko. Kí wọ́n máa sanwó lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí wọ́n sì lẹ ìwé iye ẹrù típà mọ́ ara ògiri sẹkitéríà ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn tó gbowó.